Ìlú Tí Kò Gbin Igi

Ìró owú Bàbá Ọ̀ká ni àkùkọ tiwa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni baba àgbà yìí, ẹni tí ó jẹ́ alágbẹ̀dẹ fún gbogbo àwọn tí ń wa yangí, ti máa ń fẹ́ ẹwìrì rẹ̀, tí yóò sì máa pọ́n imú àwọn dígà tí ó ti kú nínú kòtò lánàá. Bí irin bá ti dún lẹ́ẹ̀kíní, ìyá mi yóò dìde, yóò mú ìgbálẹ̀. Eruku pupa ni yóò gbá jáde, eruku pupa náà ni yóò sì tún bà sí ojú ibi tí ó gbá kí ó tó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó wà nínú omi tí a ń mu, ó wà nínú gààrí, ó wà nínú irun orí wa. Aṣọ funfun kì í gbé ọ̀dọ̀ wa ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ó tó di aláwọ̀ osùn. Bí a bá jókòó ti ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ààpọ̀n, tí eyín ẹnì kan nínú àwa ọmọ bá pàdé òkúta wẹ́ẹ́wẹ́, a kò gbọdọ̀ tu ú sílẹ̀. Bàbá mi yóò wò wá láti orí àga rẹ̀, yóò ní, “Gbé e mì. Òun ló ń bọ́ ọ.”

Yangí ni ilẹ̀ pupa líle tí wọ́n ń tẹ́ sí ojú ọ̀nà kí wọ́n tó da ọ̀dà sí i. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà káàkiri Bìní, agbaṣẹ́ṣe kan kó àwọn ọkùnrin wá láti Àkókó, láti Ọ̀wọ̀ àti láti Èkìtì kí wọ́n lè máa wa á. Bàbá mi, ọmọ Ìkàrẹ́, wà lára wọn, òun ni wọ́n sì fi ṣe olórí. Nígbà tí ọ̀nà parí, agbaṣẹ́ṣe náà kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn kò lọ. Wọ́n gé yangí bí ẹni gé búlọ́ọ̀kù, wọ́n fi kọ́ ilé tí ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn ọ̀sán kì í fi í wọlé tọ̀ wá. Àwọn ọkùnrin ń wa yangí àti yanrìn tà fún àwọn onítípà, àwọn obìnrin ń gbé ẹrù lọ sí ọjà New Benin. Kànga wà, ilé ìsìn kékeré kan wà tí a fi páànù bò, ojúde wà tí a ti ń ṣeré. Orí Yangí ni a sọ ibẹ̀. Ní òdì kejì odò, níbi tí àwọn mìíràn ti ń wa amọ̀ funfun, ìlú kejì wà tí a ń pè ní Amọ̀ Funfun. Àwọn ará ìgboro kò mọ orúkọ méjèèjì. Kámpù ni wọ́n ń pè wá.

Lónìí, Uwasota, àdúgbò ńlá kan ní ìgboro Bìní, ti gbé ìlú méjèèjì mì. Mo ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé wa níbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, nínú ilé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Ó máa ń bu ọlá fún mi, a sì máa gbé àga fún mi kí ó tó gbé fún àwọn tí ó kàwé jù mí lọ. Ní ọjọ́ kan ó bi mí pé, “Bàbá, apá ibo gan-an lẹ ti dàgbà ní Bìní yìí?” Mo ní, “Orí Yangí.” Ó ní, “Ibo nìyẹn, sà?” Mo ní, “Abẹ́ àga tí o jókòó lé.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà, igbó ni wọ́n sọ fún wa pé ó wà níbí tẹ́lẹ̀.” Mo ní, “Ọmọ mi, igbó kì í bímọ. Ibí ni wọ́n bí mi sí.” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìparí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé n ó sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ó ti rí, kí ẹni tí ó ní etí lè gbọ́, kí ẹni tí ó sì ní àṣẹ lè tún un ṣe.

Òfin kan wà ní Orí Yangí tí gbogbo wa mọ̀ kí a tó mọ orúkọ bàbá wa. Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe lọ tán, bàbá mi àti Bàbá Ọ̀ká gbé obì àti ọtí tọ onílẹ̀ lọ, àgbàlagbà Bìní kan tí a ń pè ní Pa Osagie. Ó pa obì, ó ní kí wọ́n máa gbé níbẹ̀. Bàbá mi padà dé, ó sì kó gbogbo ilé jọ. Ó ní àlejò ni wá. Ó ní àlejò kì í gbin igi ọlọ́jọ́ pípẹ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í sin òkú sí i. Nítorí ẹni tí ó gbin igi ti ń dúró de èso, ẹni tí ó sì sin òkú ti fi ẹ̀rí lélẹ̀ pé òun kò lọ mọ́. Àgbàdo, ewébẹ̀, ẹ̀gẹ́, ìwọ̀nyí kò ní wàhálà. Àsìkò wọn kúrú. Ṣùgbọ́n obì, ọsàn, àgbọn, ọ̀pẹ, rárá. Bí ẹ bá wo Orí Yangí láti ojú ọ̀nà, ilé nìkan lẹ ó rí, àti ilẹ̀ pupa, àti ojú ọ̀run. Òjìji kò sí. Abẹ́ ògiri ni a ti ń wá ibi tútù, a ó máa yí tẹ̀lé ògiri bí oòrùn ti ń yí.

Ìyá mi ni ó kọ́kọ́ dán an wò. Mo rántí òwúrọ̀ náà. Bàbá mi ń lọ wẹ̀, ó sì dúró lẹ́yìn balùwẹ̀ bí ẹni tí ó rí ejò.

“Ìyá Fúnkẹ́! Kí nìyí?”

Fúnkẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ìyá mi jáde, ó ń nu ọwọ́ sí ìró. “Ọsàn ni. Àwọn ọmọ ló tu kóró rẹ̀ síbẹ̀, ó sì hù.”

“Ó hù fúnra rẹ̀, ó tún wá fi igi ṣe ọgbà yí ara rẹ̀ ká?”

Bàbá Ọ̀ká tí ó ń fẹ́ná nítòsí da ẹ̀rín bolẹ̀. “Ìyàwó wa, ọsàn tí ó ń kọ́ ọgbà fúnra rẹ̀! Ẹ mú un wá, kí n rọ dígà fún un. Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.”

Ṣùgbọ́n ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá Fúnkẹ́, gbogbo ọmọ tí mo bí fún yín, ibí ni mo bí wọn sí. Ibi ọmọ kọ̀ọ̀kan ni ẹ fi ọwọ́ ara yín rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀ yìí. Kí ló kù tí ẹ ṣì fi ń pè wá ní àlejò?”

Bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fa ọsàn náà tu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò já gbòǹgbò rẹ̀, bí ẹni pé ó ń gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí ó sùn. “Ẹni tí ó fún ọ ní àyè jókòó,” ni ó wí, “bí o bá gbin igi sójú àyè náà, o ti ní kí ó dìde nìyẹn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. A ó relé.” Ó gbé ọsàn náà fún onítípà kan tí ó ń lọ sí ọ̀nà Ọ̀wọ̀, ó ní kí ó gbìn ín síbi tí ó bá wù ú.

Ọ̀rọ̀ òkú náà rí bẹ́ẹ̀. Ní ọyẹ́ ọdún yẹn ni ìyàwó Bàbá Ọ̀ká kú. Wọ́n tẹ́ ẹní sí inú típà tí a ti fọ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì jókòó tì í nínú afẹ́fẹ́ títí dé Ọ̀ká. Nígbà tí baba náà padà, eruku ojú ọ̀nà ti bo irùngbọ̀n rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti lọ. Kò sọ pé ó rẹ òun. Ó ní, “Mo ti mú un délé,” ó sì dáná ẹwìrì rẹ̀. Nígbà náà, mo rò pé kò sí ohun tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ láyé. Mo rò pé àwọn ènìyàn tí wọ́n lè gbé òkú wọn rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ nítorí kí wọ́n má baà gba ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ayé yóò mọ rírì wọn. Ọmọdé ni mí.

Kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn awọnlẹ̀ dé. Fúnkẹ́ ni ó sáré wọlé, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Papa, dẹm dọn kọm o!”

“Sọ ọ́ bí ọmọ tí a bí,” ni bàbá mi wí.

“Wọ́n ti dé, sà. Wọ́n ń fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí ara ilé wa.”

Wọ́n sọ fún wa pé ìgboro ń bọ̀, pé òpópónà àti ilé ìgbàlódé yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n kò ní sí ìrẹ́jẹ, ni wọ́n wí. Ìgbìmọ̀ kan yóò jókòó. Ìlú tí ó bá fihàn pé ìlú tòótọ́ ni òun, wọn yóò fún gbogbo ilé inú rẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn tí wọn yóò tún kọ́lé sí. Èyí tí ó bá jẹ́ ibùdó òṣìṣẹ́ lásán yóò kàn kó ẹrù ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò ba bàbá mi lẹ́rù. Ó nu bàtà rẹ̀ títí ó fi dán. Ó ní, “A ní ẹlẹ́rìí. Onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni n ó pè.”

Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní ọ̀nà Ugbowo ni ìgbìmọ̀ náà ti jókòó. Ọ̀sán gangan ni. Gbogbo Orí Yangí ni ó lọ, a wọ aṣọ ìsìn, a sì jókòó sórí àwọn bẹ́ńṣì ọmọdé, orúnkún àwọn bàbá wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Àwọn ará Amọ̀ Funfun ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Olórí wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní àwọn ní igi àgbọn, àwọn ní ọsàn, àwọn sì ní itẹ́ òkú lẹ́bàá odò. Awọnlẹ̀ dìde, ó ní òótọ́ ni, òun rí wọn. Alága mi orí. Bàbá Ọ̀ká tẹ̀ sí etí bàbá mi, ó ní, “Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ń fi olè jíjà yangàn.” Àwọn tí ó wà lẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín sínú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe tiwa. Pa Osagie wọlé pẹ̀lú ìró funfun àti ìlẹ̀kẹ̀ iyùn lọ́rùn, ọmọ rẹ̀ dì í lápá mú. Gbogbo wa dìde fún un. Alága bi í bóyá òun ni ó fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní àyè. Ó ní òun ni. Ó ní wọ́n gbé obì wá, òun sì pa á. Alága ní irú ènìyàn wo ni wọ́n. Baba náà wá yí ojú sí wa. Ó ń sọ Ẹ̀dó, akọ̀wé kan sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ ọn, ó fi Yorùbá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kí àwa náà lè gbọ́.

“Mo ti fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀,” ni ó wí. “Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi gbin igi rọ́bà sí i, wọ́n á ní bàbá àwọn ló ni ín. Àwọn wọ̀nyí? Wọn ò gbin igi kan. Ẹyọ kan! Wọn ò sin òkú kan sí ilẹ̀ mi. Bí ènìyàn wọn bá kú, wọ́n á gbé e lọ ilé wọn. Àlejò gidi ni wọ́n. Èmi ò rí irú wọn rí.”

A pàtẹ́wọ́. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè gbọ́: a pàtẹ́wọ́. Omi dé sí ojú bàbá mi. Akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń kọ ọ́ kíákíá. Alága gbé ojú sókè, ó ní, “Olórí wọn dà? Ṣé òótọ́ ni baba sọ?”

Bàbá mi dìde, ó na ara rẹ̀ gbọọrọ. “Òótọ́ ni, sà.”

“Igi kò sí?”

“Kò sí, sà. Kò sí ẹyọ kan.”

“Itẹ́ òkú ńkọ́?”

“Kò sí, sà.”

Ìyá mi ni ó kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, tí ó sì dìde láàárín àwọn obìnrin. “Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ni ó wí, “àwa náà rì nǹkan mọ́lẹ̀ níbẹ̀.” Bàbá mi bojú wẹ̀yìn, ó sì fi ojú sọ fún un pé kí ó jókòó. Alága bèèrè ohun tí obìnrin náà ń sọ.

“Kò sọ nǹkan kan, sà,” ni bàbá mi dáhùn.

Nígbà tí ìdájọ́ jáde, gbólóhùn díẹ̀ ni. Ibùdó òṣìṣẹ́ ni ibẹ̀. Àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ kò ní ìpinnu láti dúró, ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́, onílẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Amọ̀ Funfun gba ilẹ̀ tuntun ní apá ọ̀nà Airport. Pa Osagie gbọ́, ó sì ní kí wọ́n gbé òun wá. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa, ó di ọwọ́ bàbá mi mú. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, mo yìn yín ni. Mo yìn yín ni o.” Bàbá mi ní, “Mo gbọ́, sà. Inú mi dùn sí i.” Mo retí kí ìyá mi sọ fún bàbá mi ní ọjọ́ náà pé, “Mo wí fún yín.” Mo jókòó tì í nídìí ààrò títí ọbẹ̀ fi jóná. Kò sọ ọ́. Kò sọ ọ́ títí ó fi kú.

Bí ẹ bá bi mí, ta ni mo ń pè lẹ́jọ́? Kì í ṣe Pa Osagie. Kì í ṣe bàbá mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo bínú sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí mo ń pè lẹ́jọ́ ni àwọn tí ó jókòó sí iwájú gbọ̀ngàn yẹn, ọmọ onílẹ̀ àti ọmọ àlejò nínú wọn, tí gbogbo wọn mọ àṣà àlejò gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ ìdí tí igi kò fi sí. Wọ́n gbọ́ ìwà rere, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀rí ẹ̀bi. Nínú ìlú yìí, ẹni tí ó gbin igi ní ìkọ̀kọ̀ gba ilẹ̀, ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún onílẹ̀ gba ẹrù orí. Lẹ́yìn ọdún yẹn, èmi kò padà sí ilé ìwé mọ́. Yàrá kan ni gbogbo wa há sí ní New Benin, mo sì ń bá àwọn oníṣòwò gbé àpò ìrẹsì lọ́jà. Èmi kò bèèrè pé kí wọ́n dá ilé náà padà. Ilé ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn ń sùn nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí wọ́n yí ìdájọ́ náà padà nínú ìwé, kí wọ́n kọ ọ́ pé ìlú ni ibẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ Orí Yangí sí ojú òpópónà kan, ì bá à jẹ́ èyí tí ó kúrú jù lọ.

Ní òwúrọ̀ tí katapílà dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kó ẹrù jáde. Bàbá Ọ̀ká ti di owú rẹ̀ sínú àpò, ó ti lọ. Bàbá mi gbé àga rẹ̀ sí àárín pálọ̀ tí kò sí nǹkan mọ́, ó jókòó. Ọlọ́pàá méjì bẹ̀ ẹ́, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n tún bẹ̀ ẹ́. Kò dìde. Nígbà náà ni ẹ̀rọ náà dákẹ́, awakọ̀ rẹ̀ sì sọ̀kalẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Ó wọlé, ó wo bàbá mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ọmọ Ìkọ̀lé ni mí, sà. Ẹ má jẹ́ kí n rí ìjà yín, bàbá. Bí mo bá kọ̀, ẹlòmíràn ni wọn ó gbé gun orí rẹ̀, onítọ̀hún ò sì ní sọ̀kalẹ̀ kí yín.”

Bàbá mi yí ojú sí i. Ojú rẹ̀ kò sí lára àwọn ọlọ́pàá mọ́. Ó ní, “Dìde. Ìyá rẹ ń bẹ láyé?”

“Ó ń bẹ, sà.”

“Wàá sin ín ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Dìde.” Nítorí a kì í fi ọmọ ẹni sílẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ kí a jókòó máa wò ó, bàbá mi náà dìde. Ó gbé àga rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó kọjá lára àwọn ọlọ́pàá, ó sì wá dúró tì wá lójúde.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbọn eruku dànù lára, ó gun orí ẹ̀rọ rẹ̀. Iwájú ilé ni ó kọ́kọ́ kọlù. Ògiri náà mì, ṣùgbọ́n kò wó. Ó kàn tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ń wo orí awakọ̀ náà. Awakọ̀ náà fà sẹ́yìn láti tún un kọlù. Bàbá mi ju àga sílẹ̀, ó sáré wọ inú eruku, ó ń ju ọwọ́ sókè. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn ọlọ́pàá náà rò bẹ́ẹ̀, wọ́n ń sáré tẹ̀lé e.

“Má gba iwájú!” ni ó ń kígbe. “Ó máa wó lù ọ́! Yípo, gba igun ẹ̀yìn, lẹ́bàá balùwẹ̀. Ibẹ̀ ni kò ti lágbára.”

Awakọ̀ náà yí ẹ̀rọ padà, ó gba ibi tí wọ́n júwe fún un. Ilé wa wó sínú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, eruku pupa sì bo gbogbo wa tí a kò fi rí ara wa mọ́. Láti inú rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

“Ẹ ṣé, bàbá.”